Wọ́n Da Wèrèpè sí Ọmọ Lára: Kí La Ó Kọ́kọ́ Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti ilé ìwé dé lánàá, ó ń họ ọrùn àti ẹ̀yìn bí ẹni tí ìjàlọ bò. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló da nǹkan sí i lọ́rùn aṣọ. Mo fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́ kíákíá, ńṣe ló tún le sí i. Ṣé ọṣẹ yẹn ni? (Ìyá kan ní Tákìẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá. Ọṣẹ yín ò ṣẹ̀, kànrìnkàn ló dá kún un. Ó jọ pé wèrèpè ni. Ẹ gbé yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ sójú oòrùn, ẹ má fọwọ́ kan ọrùn aṣọ náà, ẹ kàn wò ó. Bí ẹ bá rí irun tín-ín-rín tó pọ́n bí irun àgbàdo gbígbẹ, tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì ní gígùn, òun náà ni. Ara èèpo èso wèrèpè ló ti ń wá. Ṣóńṣó rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ó sì ní èròjà kan nínú tó ń mú ara yún, mucunain lorúkọ rẹ̀. Bí a ṣe ń họ ọ́ tàbí tí a ń fi kànrìnkàn bó o la ń tì í wọlé sí i.

Ẹ kọ́kọ́ bọ́ aṣọ rẹ̀. Bí ó bá ní bọ́tìnnì, ẹ tú u, ẹ má fà á gba ojú rẹ̀. Ẹ gé sẹ́lótéèpù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ń yún un, ẹ ṣí i kúrò, ẹ mú òmíràn. Ẹ ṣe é títí tí ẹ kò fi ní rí irun lára téèpù mọ́. Ẹ wá da omi tútù sí i, ẹ má bó o. Ẹ má rẹ aṣọ náà pọ̀ mọ́ ti ará ilé. Ọmọ tó da wèrèpè náà, àánú rẹ̀ ń ṣe mí: ó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ náà, ẹ ní kí wọ́n yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò kó tó fi nu ojú.

Ìbéèrè: Mo fún un ní Piriton, ó kàn sùn ni. Nígbà tó jí, ó tún ń yún un.

Ìdáhùn: Histamine, èròjà kan tí ara wa fúnra rẹ̀ ń tú jáde tó lè mú un yún, ni Piriton ń bá jà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ sì ni wèrèpè ń gbà yún ni. Ọdún 1955 ni àwọn olùṣèwádìí méjì, Shelley àti Arthur, ti kọ̀wé lórí mucunain ní Amẹ́ríkà. Ẹ yọ irun náà kúrò, ìyẹn ló ṣe kókó.

Ìbéèrè: Ó ti kó sí i lójú ńkọ́?

Ìdáhùn: Omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí ojú náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ọsibítù náà ni bí ètè rẹ̀ bá wú tàbí tí kò lè mí dáadáa.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí. Wèrèpè ti fà bo ọgbà lẹ́yìn kíláàsì wa. Ṣé kí n ní káwọn ọmọ gé e?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ọmọ. Ẹ tún má sun ún. Tí èso rẹ̀ bá ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè gbé irun rẹ̀ wọ kíláàsì. Ẹ fi omi wọ́n ọn kó tutù, kí àgbàlagbà tó wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú wá gé e. Tó bá di ìgbà òjò, ẹ hú gbòǹgbò rẹ̀ kó tó so.