Bí a ṣe ń fa páìpù afẹ́fẹ́ tútù sí ọkọ̀ tó ti pẹ́

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ kí ẹ wo ẹnu àpótí fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ike tó yẹ kó gba iwájú ọkọ̀ wọlé ti já, tàbí kí wọ́n ti sọ ọ́ nù lọ́jọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ tí rédíétọ̀ ti sè ni ẹ́ńjìnnì wá ń mí. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ọláìyá ní Òṣogbo, ìta lè jẹ́ 32°C kí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì tó 60°C. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í ki: láàárín 32 àti 60 yẹn, nǹkan bí 8 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wọ sílíńdà ti dín. Ìgbà tí ẹ bá tẹ iná mọ́lẹ̀ láti gun òkè tàbí láti ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ ni ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ẹ má retí pé epo tí ọkọ̀ ń mu yóò dín kù.

Ẹ má sọ àpótí fílítà nù o. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé e kúrò kí wọ́n lè fi fílítà ẹlẹ́nu ṣóńṣó rọ́pò rẹ̀ ní gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí ariwo rẹ̀ sì ń tàn wọ́n pé ọkọ̀ ti lágbára. Ooru náà ló ṣì ń fà, àfi pé ó tún wá ń fà á láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Fílítà oníwèé tó wà nínú àpótí tó dé dáadáa sì ṣe é gbọ́kàn lé nígbà ọyẹ́, nígbà tí eruku pupa bá ń bẹ káàkiri. Ohun tí a fẹ́ ṣe kò ju pé ká la ọ̀nà tuntun láti iwájú ọkọ̀ dé ẹnu àpótí náà.

Fún ẹ́ńjìnnì 1.6 sí 2.2 lítà, páìpù PVC ínṣì 3 tí àwọn púlọ́ńbà fi ń gbé omi balùwẹ̀ jáde tó. Ẹ wọn ẹnu àpótí kí ẹ tó rà á; páìpù kò gbọdọ̀ kéré jù ú lọ. Mítà kan pọ̀ tó, pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ páìpù 45° méjì. Ẹ má lo 90° kan ṣoṣo, nítorí ó máa ń fún afẹ́fẹ́ lọ́rùn. Ẹ wá họ́ọ̀sì rédíétọ̀ ọkọ̀ ńlá, kí ẹ gé e sí 8 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà méjì, kí ẹ ra kílíìpù mẹ́rin, nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ tó mílímítà 5 tí ẹ ó fi bo ẹnu páìpù, àti irin pẹlẹbẹ tí ẹ ó fi so páìpù mọ́ra ọkọ̀. PVC máa ń rọ̀ bí ooru bá ti ń sún mọ́ 80°C. Bí ọ̀nà páìpù yín yóò bá sún mọ́ irin sàlẹ́ńsà ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ ní kí wẹ́dà tó ń ṣe sàlẹ́ńsà tẹ páìpù irin fún yín ní apá ibẹ̀, kí ẹ sì fi àjákù páànù àlùmínì ilé gé ooru kúrò lára rẹ̀.

Ibi tí ẹnu páìpù yóò wà ló ṣòro jù. Ẹ̀yìn iná iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ dára, níbi tí afẹ́fẹ́ kò tíì gba inú rédíétọ̀ kọjá. Bọ́ńpà nísàlẹ̀ ni ibi tó tutù jù, ṣùgbọ́n a kò gbà á nímọ̀ràn ní Òṣogbo rárá. Bí òjò bá rọ̀ tí gọ́tà kún bo ọ̀nà, omi lẹ́nu páìpù yóò fà. Písítìnì lè tẹ afẹ́fẹ́ kó fún pọ̀, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí omi. Conrod, irin tó gbé písítìnì dúró, ló máa ń tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu páìpù ga tó iná iwájú, ó kéré tán. Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má tún un stáàtì: ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó yí ẹ́ńjìnnì, kí omi lè rí ọ̀nà jáde.

Kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi sípánà 10 tú orí negative bátìrì. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé páìpù, ẹ fi fáìlì pa ẹnu rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ sá a gbẹ. Ẹ jẹ́ kó da gẹ̀rẹ́ díẹ̀ wá sí iwájú, kí ẹ sì lu ihò mílímítà 5 méjì síbi tó lọ sílẹ̀ jù, kí omi òjò lè ro jáde. Ṣáájú fílítà nìkan ni irú ihò bẹ́ẹ̀ lè wà. Kí rọ́bà họ́ọ̀sì náà wọ páìpù ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fún kílíìpù. Ẹ so páìpù mọ́ra ọkọ̀, ẹ má so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, torí ẹ́ńjìnnì máa ń mì tí ẹ bá tẹ iná, yóò sì fọ́ PVC.

Ẹ wá yẹ ẹ̀yìn fílítà wò. Bí MAF, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, bá wà níbẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sínú páìpù mìíràn. Ìwọ̀n fífẹ̀ ilé rẹ̀ ni brainbox (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) fi ń ṣírò afẹ́fẹ́. Bí páìpù bá fẹ̀ jù, epo yóò kéré, ẹ́ńjìnnì yóò máa kan, kóòdù P0171, tó ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́, yóò sì jáde. Kóòdù kan náà ni họ́ọ̀sì onírọ́bà tó ti sán máa ń mú wá, nítorí náà ẹ tẹ gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ ṣí, kí ẹ sì rí i pé họ́ọ̀sì kékeré tó ti orí ẹ́ńjìnnì wá ti padà sí àyè rẹ̀.

Ìdánwò wá kù. Ẹ da bátìrì padà, ẹ fi téèpù dí ihò omi méjèèjì títí ìdánwò yóò fi parí, ẹ stáàtì ọkọ̀, kí ẹ fi pátákó dé ẹnu páìpù pa. Bí ó bá kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kò sí ibi tó ń jò. Bí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fọ́n omi ọṣẹ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Ibi tó bá ti mu ọṣẹ náà ló ń jò. Ẹ má gbàgbé láti yọ téèpù náà.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa yọ fílítà wò lọ́sẹ̀ méjì méjì. Láti inú sí ìta ni kí fọganáísà fẹ́ eruku rẹ̀, kó má ju 30 psi lọ. Ẹ má fi omi fọ oníwèé. Ẹ kó ewé kúrò lára nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn rọ́pò rẹ̀, torí kò ní pẹ́ tí eruku yóò fi dí i.