Bí A Ṣe Gbé Ilé Kèǹgbè Ró fún Ẹyẹ Purple Martin ní Texas

Àwọn ẹyẹ purple martin tó wà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ilé tí ọmọ ènìyàn bá gbé kọ́ fún wọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń bímọ sí. Ẹ̀yà alápàńdẹ̀dẹ̀ ni wọ́n, àwọn ló sì tóbi jù nínú alápàńdẹ̀dẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá. Akọ tó bá ti gbó nínú wọn a máa dúdú dáadáa, àmọ́ bí oòrùn bá ti kàn án lára, búlúù ni yóò máa kọ mànà. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba kan lẹ́bàá Houston ń wá àwọn tó máa bá wọn gbé ilé ró fún ẹyẹ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, mo fi orúkọ sílẹ̀. Bí a ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá pọ̀ ní agbègbè yìí tí wọ́n ń gba ọgbà bẹ́ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ìwé ìyọ̀ǹda ló kọ́kọ́ jáde. Ilẹ̀ gbogbo ènìyàn ni, a ò lè kàn gbé ṣọ́bìrì ká máa gbẹ́lẹ̀. A kọ ohun tí a fẹ́ rì mọ́lẹ̀, ibi tó máa wà, àti ẹni tó máa máa bójú tó o. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe é pé kó má fo ti ìkẹyìn yẹn dá. Màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Lẹ́yìn ìyẹn la mú tépù, a rìn yí ọgbà náà ká. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà fẹ́ kí òpó wà rẹwà lóòótọ́, lábẹ́ ibòji, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún omi. Àmọ́ ẹyẹ yìí kò fẹ́ ibòji. Ó kéré tán, ó yẹ kí ẹsẹ̀ bàtà 40 wà láàárín òpó àti igi tó bá ga, nítorí inú igi ni àwòdì ti máa ń lúgọ, ẹyẹ náà sì fẹ́ ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ kó lè ráyè fò wọlé. Síbẹ̀ kò fẹ́ jìnnà sí ènìyàn. Pápá tó wà létí ibi ìgbọ́kọ̀sí la padà fẹnu kò sí, omi kò sì jìnnà síbẹ̀.

A gbẹ́ ihò, a po kọnkéré, a fi ìdí òpó sí i, a jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Òpó náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 14. Lórí rẹ̀ ni irin tó yọ apá sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ wà, kèǹgbè 12 ló sì so rọ̀ mọ́ ọn. Okùn àti ẹ̀rọ kékeré kan tí à ń fọwọ́ yí ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sókè, tó tún ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra òpó tí ilé orí rẹ̀ kò ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Ilé tí ẹ ò bá lè sọ̀ kalẹ̀, ẹ ò lè tọ́jú rẹ̀.

Bí a ṣe ń so kèǹgbè lọ́wọ́, màmá kan tó ń rìn nínú ọgbà gbọ́ tí mo ń bá ọmọ mi sọ Yorùbá, wọ́n bá yà sọ́dọ̀ wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ ń so gbogbo kèǹgbè wọ̀nyí sókè fún?"

"Ẹ ṣé, mà. Ilé ẹyẹ ni."

"Ilé ẹyẹ kẹ̀? Igi ti tán nígbó ni?"

Mo jókòó ti màmá, mo sì ṣàlàyé, nítorí ìbéèrè náà dára. Nígbà kan, inú ihò tí àkókó gbẹ́ sára òkú igi ni àwọn ẹyẹ yìí ń gbé. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ọmọ onílẹ̀, bíi Choctaw àti Chickasaw, ti ń so kèǹgbè mọ́ igi nítòsí ilé wọn fún un, ẹyẹ náà sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Láti ìran dé ìran, ó di bárakú fún wọn. Kèǹgbè yẹn gan-an, àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn sọ pé ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹ̀, tó ti dé Amẹ́ríkà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Tiwa jẹ́ oníke, nítorí ó rọrùn láti fọ̀. Ní ti igi, òkú igi tó bá wà nítòsí ilé, wọ́n ń gé e lulẹ̀. Ihò tó ṣẹ́ kù, ológoṣẹ́ àti ẹyẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní starling ti gbà á.

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yìí ló gba sùúrù jù. Láti Yúróòpù ni wọ́n ti kó wọn wá. Ológoṣẹ́ dé Brooklyn ní nǹkan bí ọdún 1851, wọ́n sì tú starling sílẹ̀ ní Central Park ní New York lọ́dún 1890. Fún starling, a lo kèǹgbè tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tí gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Martin a rọra wọ́ àyà wọlé, èjìká starling kò sì ní gba ibẹ̀ kọjá. Ológoṣẹ́ kéré, ó ń wọlé, a sì máa sọ ẹyin martin lẹ́nu títí yóò fi fọ́. Kò sí ilẹ̀kùn tó lè dá a dúró, ojú ènìyàn nìkan ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1918 dáàbò bo martin, ẹyin rẹ̀ àti ìtẹ́ rẹ̀. Kò dáàbò bo ológoṣẹ́ àti starling. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìtẹ́ tí ẹ lè kó dànù. Ti ológoṣẹ́ kún dé òkè, koríko, bébà àti ìyẹ́ ló dà pọ̀ síbẹ̀. Ti martin tẹ́ pẹrẹsẹ, amọ̀ díẹ̀ máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà, ewé tútù yóò sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ewé wọ̀nyẹn, ẹyin funfun mẹ́rin sì wà lórí wọn, ó pẹ́ kí n tó lè dé kèǹgbè náà padà.

A de ìdènà yí òpó ká nítorí ejò, nítorí irú èyí tó ń gun òpó irin wà ní Texas.

Ní etíkun Texas, àwọn tó kọ́kọ́ ń dé láti Brazil ti máa ń yọjú ní ìparí Oṣù Kínní. Ibi tí àgbà inú wọn ti bímọ rí ló ń padà sí. Àwọn tí wọ́n bí lọ́dún tó ṣáájú ló sábà máa ń wá ilé tuntun, wọn kì í sì tètè dé. Nítorí náà la ṣe ń fi ohùn orin àfẹ̀mọ́jú martin sí ẹ̀rọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Oṣù Kejì kọjá, kò sẹ́ni tó yà. Oṣù Kẹta ń lọ sópin kí àwọn méjì tó bà sórí irin.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá ká má sọ ilé kalẹ̀, ká ka ẹyin, ká kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n máa ń sàba fún bí ọjọ́ 15 sí 16, ọmọ a sì wà nínú ilé fún nǹkan bí ọjọ́ 26 sí 32. Bí ọmọ bá ti pé ọjọ́ 22, a ò ní ṣí kèǹgbè wọn mọ́, kí wọ́n má baà bẹ́ jáde láìtójọ́. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìyá yóò kọ ọmọ tí ọwọ́ ènìyàn bá kàn. Martin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń dúpẹ́ pé ẹyẹ wa yóò gba àwọn lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Mo máa ń sọ òótọ́ fún wọn pé òkè lọ́hùn-ún ni martin ti ń jẹun lọ́sàn-án, lámilámi, eṣinṣin àti labalábá ló ń jẹ, ẹ̀fọn kò tó nǹkan nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹyẹ náà yẹ ní títọ́jú láìsí irọ́ yẹn.

Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, a fọ àwọn kèǹgbè, a dí ẹnu wọn, a kó wọn sínú ilé ìkẹ́rùsí. Ọgbà kejì ti wá bá wa pé ká gbé òpó wá sọ́dọ̀ àwọn náà. Ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn ni orúkọ ẹni tó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti Oṣù Kẹta títí di Oṣù Keje, nítorí òpó tí kò lẹ́nì kan tó ń ṣọ́ ọ, ilé ológoṣẹ́ la kọ́ yẹn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Orúkọ méjì ti jáde báyìí, a óò rì í mọ́lẹ̀ kí Oṣù Kínní tó parí.