Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Neuron àti Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Tó Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì nípa ara ènìyàn. Lọ́dọọdún tí mo bá ń máàkì ìwé ìdánwò, àwòrán kan kì í yẹ̀ lójú mi: akẹ́kọ̀ọ́ á ya neuron, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nínú ara, dáadáa, á ya orí rẹ̀, á ya àwọn ẹ̀ka kéékèèké tó yí i ká, á fa ìrù gígùn kan jáde, á sì wé nǹkan mọ́ ìrù náà ní abala-abala. Lábẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ gàdàgbà sí pé: "Neuron inú ọpọlọ pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì Schwann." Àwòrán náà dára lójú, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì Schwann, ọ̀kan lára àwọn tó ń wé ọ̀rá mọ́ ìrù neuron, kì í gbé inú ọpọlọ. Ó máa ń dùn mí, torí mo mọ̀ pé ọmọ náà kò sùn lóru kó tó há a sórí. Orúkọ ló há, kò há ilé tí olórúkọ ń gbé.

Àṣìṣe tó le jù, inú èdè wa gan-an ló ti ń wá. Ọ̀rọ̀ náà ni "iṣan". Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni. Èyí tó yọ lẹ́yìn ọwọ́ bàbá àgbàlagbà, iṣan ni. Okùn líle tó so ẹran mọ́ eegun ní gìgísẹ̀, iṣan ni. Bí ènìyàn bá sùn tí ọrùn rẹ̀ kò ṣeé yí mọ́, á ní iṣan ló fà. Èyí tó ń gbé ìròyìn láti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ dé ọpọlọ, iṣan náà la tún ń pè é. Kò sí aburú nínú rẹ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀ nílé, ṣùgbọ́n nínú kíláàsì àti ní wọ́ọ̀dù, ẹ sọ èyí tí ẹ ń wí: iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, iṣan tó di ẹran mọ́ eegun ni, àbí nerve, èyí tó ń gbé ìròyìn.

Ẹ má sì pe nerve ní neuron. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni neuron. Ìdì ni nerve: ẹgbẹẹgbẹ̀rún axon, ìyẹn ìrù gígùn tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, tí a dì pọ̀ bí òwú tó wà lọ́wọ́ aláṣọ-òkè, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Orí àwọn neuron kò sí nínú ìdì yìí. Orí èyí tó ń pàṣẹ fún ẹran ẹsẹ̀ wà nínú mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn (spinal cord). Orí èyí tó ń gbé ìmọ̀lára wọlé láti ẹsẹ̀ wà nínú kókó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mùdùnmúdùn náà, níta rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn títí dé ẹsẹ̀, axon ẹyọ kan lè gùn tó mítà 1 lára àgbàlagbà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Nerve sciatic ló nípọn jù lára wa, inú ìdí ló sì gbà lọ sí ẹsẹ̀. Ibà mú ọmọ ọdún mẹ́ta kan ládùúgbò wa, wọ́n sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ìdí. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ ní sálúbàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣáá. Mo ní kí ọmọ náà rìn kí n wò ó. Ó ń gbé orúnkún sókè ju bó ti yẹ lọ, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbá ilẹ̀ kí gìgísẹ̀ tó balẹ̀. Àwọn kan láyìíká ti ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Axon ni abẹ́rẹ́ bà jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún ọmọ kékeré ní ìdí. Itan níwájú, lápá òde, ni kí ẹ lò. Bó bá di dandan kí ẹ gún àgbàlagbà ní ìdí, apá òkè níhà òde ni, ẹ má sún mọ́ àárín.

Ẹ yéé kọ ọ́ pé sẹ́ẹ̀lì olùrànlọ́wọ́, tí à ń pè ní glia, fi ìlọ́po mẹ́wàá ju neuron lọ. Àwọn ìwé àtijọ́ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a sì ń gbà á lẹ́nu ara wa. Ní ọdún 2009, Suzana Herculano-Houzel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brazil gbé èsì iṣẹ́ wọn jáde: wọ́n sọ ọpọlọ di omi, wọ́n wá ka kókó inú sẹ́ẹ̀lì (nucleus) tó wà nínú rẹ̀, kókó kan fún sẹ́ẹ̀lì kan. Neuron tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe neuron sì tó bíi bílíọ̀nù 85. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ẹ má sì fojú tín-ín-rín wọn nítorí orúkọ wọn. Àtè ni glia túmọ̀ sí. Rudolf Virchow ará Jámánì ló fún wọn lórúkọ náà láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n rò pé kí ọpọlọ má baà tú ká nìkan ni iṣẹ́ wọn. Àmọ́ iṣẹ́ wọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Astrocyte, ọ̀kan lára àwọn glia, ń kó iyọ̀ potassium tó bá pọ̀ jù kúrò láyìíká neuron, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ di iṣan ẹ̀jẹ̀ mú. Àmọ́ kì í ṣe òun gan-an ni ògiri tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe ògiri náà, astrocyte kàn ń tì í lẹ́yìn ni. Microglia ni ọlọ́dẹ, ó ń jẹ ìdọ̀tí àti kòkòrò. Ependymal ló tẹ́ ihò omi inú ọpọlọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ mi. Myelin ni ọ̀rá tó wé mọ́ axon kí ìròyìn lè yára. Nínú ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn, oligodendrocyte, glia mìíràn, ló ń wé e. Ó lọ́wọ́ púpọ̀, ẹyọ kan sì lè wé ọ̀pọ̀ axon lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìta, lápá àti lẹ́sẹ̀, sẹ́ẹ̀lì Schwann ló ń wé e, ẹyọ kan fún abala kan lára axon kan. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò lásán. Bí nerve ọwọ́ bá gé, àwọn sẹ́ẹ̀lì Schwann á la ọ̀nà sílẹ̀, axon á sì máa hù padà bíi mìlímítà 1 lóòjọ́. Mùdùnmúdùn ẹ̀yìn tó bá gé kò ní irú àǹfààní yẹn.

Àwọn kan gbà pé gbogbo neuron ló ń ta ara jí. Rárá o. Láàárín èyí tó ń gbé ìmọ̀lára wọlé àti èyí tó ń gbé àṣẹ jáde, àwọn alárinà wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ìdádúró ni iṣẹ́ wọn. Májèlé tẹ́tánọ́ọ̀sì máa ń gba inú axon gòkè lọ bá àwọn adádúró yìí, á sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ á tì pa, tí ẹ̀yìn á sì tẹ̀ bí ọrun.

Ẹ̀tẹ̀ ni ti ìkẹyìn. Títí di òní, àwọn ènìyàn ṣì ń sọ pé ó ń jẹ ìka. Kòkòrò ẹ̀tẹ̀ fẹ́ràn àtimáa gbé inú sẹ́ẹ̀lì Schwann. Bó bá ba ibẹ̀ jẹ́, ìmọ̀lára á lọ, aláìsàn á fọwọ́ kan iná tàbí kó tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ láìmọ̀, ojú egbò ọ̀hún ló ń sọ ìka nù. Ẹ má fi àmì ara tó funfun tàbí tó pupa, tí kò yún, tí kò dunni, sílẹ̀ pé ifo ni. Ẹ ní kí onítọ̀hún dijú, kí ẹ fi òwú kàn án níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí kò bá mọ̀ pé ẹ kan òun, ọsibítù ìjọba ni kó lọ: ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀tẹ̀, oṣù 6 sí 12 ni wọ́n sì ń lò ó.