Ibi tí Iná àti Igi Ìdáná ti ń Ṣòfò: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ilé, Oko àti Ibi Iṣẹ́ ní Àgbádárìgì

Bí a bá ní kí ènìyàn máa ṣọ́ iná lò, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbọ́ ni pé kí àwọn jókòó sínú òkùnkùn. Ìwé yìí kò bá ìyẹn wá. Ohun tí a fẹ́ kí onílé, àgbẹ̀, onígààrí àti ẹlẹ́ja dídì mọ̀ ni ibi tí owó iná ń gbà jáde láìṣe iṣẹ́ kankan. Ohun tó ń mú nǹkan gbóná àti ohun tó ń mú nǹkan tutù ló ń jẹ iná jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gílóòbù ni ọ̀pọ̀ ìpolongo máa ń nawọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ wáàtì 60, bí a bá ń tàn án fún wákàtí 5 lálẹ́, yóò jẹ yúníìtì 9 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Gílóòbù LED tó jẹ́ wáàtì 9, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, kò ní jẹ ju yúníìtì 1.35 lọ láàárín àkókò kan náà. Èrè wà níbẹ̀, ó sì yẹ ní ṣíṣe. Ṣùgbọ́n kí garawa omi lítà 20 kan ṣoṣo tó hó lórí hítà, nǹkan bíi yúníìtì 1.7 ni yóò jẹ, èyí tó ju ohun tí LED náà jẹ fún odindi oṣù. Bí a bá fi omi náà sílẹ̀ nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ohun tí ara lè gbà, nǹkan bíi yúníìtì 0.3 péré ni. Nítorí náà, ẹni tó ń fi hítà sínú garawa, tó wá lọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n títí omi fi hó, ti pàdánù ju ẹni tó gbàgbé láti pa iná ìta. (Ẹ pa iná hítà kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi, ohun tó ń pa ènìyàn nìyẹn.)

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná gbé owó yúníìtì kan lọ sí ₦225 fún àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Iye náà ti yí padà lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí náà kí olúkúlùkù wo iye tó wà lára rìsíìtì tó fi ra iná kẹ́yìn, kí ó sì fi í ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ẹni tí kò ní mítà, tí wọ́n kàn ń fojú díwọ̀n owó iná fún, lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá tan jẹnẹrétọ̀ ni yóò rí i pé ó kan òun.

Fíríìjì àti fírísà

Ọ̀nà tó gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá ń lọ sí Gánà, níbi tí ìjọba ti ṣe irú ìpolongo yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 2007, nígbà tí omi ìdídò Akosombo tí wọ́n fi ń pèsè iná fà tí iná sì wọ́n, wọ́n pín mílíọ̀nù 6 gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì gba ti àtijọ́ padà. Lójú tiwa, ìgbésẹ̀ kejì ló lọ́gbọ́n nínú jù: láti oṣù Kìíní ọdún 2013 ni wọ́n ti mú òfin tó de kíkó fíríìjì àlòkù wọlé ṣiṣẹ́, nígbà náà, wọ́n sì dín owó tuntun kù fún ẹni tó bá gbé ògbólógbòó tirẹ̀ wá. Nàìjíríà náà ti fi fíríìjì àti fírísà àlòkù sínú ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ná ọjà mọ̀ pé tòkúnbọ̀ kò tíì tán nílẹ̀.

Bí tòkúnbọ̀ bá ti wà nílé yín, ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ pa á dé, kí ẹ sì fà á. Bí ó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti kú, òtútù ń jò tọ̀sán tòru, owó tí ẹ ó fi pààrọ̀ rọ́bà kò sì ní tó owó iná tó ń bá a lọ. Ẹ má ṣe fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Àyè tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà yẹ kó wà níbẹ̀ kí ooru lè jáde. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ta ẹja dídì, ẹ kíyè sí i pé fírísà tó ṣí sókè sàn fún yín ju èyí tó ní ilẹ̀kùn níwájú lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó sì máa ń dà jáde bí omi nígbà tí ilẹ̀kùn iwájú bá ṣí. Ẹ to títọ́ọ̀sì, kòtẹ́ àti pańlá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ ó ṣí ọmọrí sílẹ̀ máa wá ẹja kan fún oníbàárà kan. Bí ọjà bá lọ sílẹ̀, ẹ fi ọ̀rá omi kún àyè tó ṣófo. Omi náà yóò dì nígbà tí iná bá wà, yóò sì bá yín mú ẹja tutù nígbà tí iná bá lọ, kí ẹ tó sáré lọ sídìí jẹnẹrétọ̀.

Igi ìdáná, gààrí àti òróró àgbọn

Níbi tí a ti ń yan gààrí, omi ni gbogbo ọ̀rọ̀. Kí lítà omi kan tó gbẹ kúrò nínú agbada lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, ó lè gba nǹkan bíi kílò kan igi gbígbẹ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ agbada ni èyí tó pọ̀ jù nínú ooru náà ń gbà bá afẹ́fẹ́ lọ. Omi tí jáàkì, ìyẹn irin tí a fi ń tẹ àpò ẹ̀gẹ́, bá ti fún jáde kò gba igi kankan. Síbẹ̀, a máa ń rí i ní ibùdó gààrí pé àpò kì í pẹ́ lábẹ́ jáàkì, nítorí ẹlòmíràn ń dúró de àyè, ẹ̀gẹ́ tó ṣì tutù ni wọ́n sì ń gbé lọ sórí iná. Ẹ bu díẹ̀, kí ẹ fún un mọ́wọ́: bí ó bá fọ́ láìfi omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó tó, bí àtẹ́lẹwọ́ bá tutù, ẹ dá a padà. Bí èrò bá pọ̀ lọ́dọ̀ jáàkì kan, kí ẹgbẹ́ onígààrí dá owó ra èkejì kí wọ́n tó ronú igi sí i.

Ààrò fúnra rẹ̀ náà ní àtúnṣe. Ẹ fi amọ̀ tí a pò mọ́ koríko gbígbẹ mọ ògiri yí agbada ká, kí àyè tó wà láàárín wọn má ju ìka kan sí méjì lọ, kí ẹ dá ẹnu igi sí iwájú, kí ihò èéfín sì wà lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn kì yóò ti dá a padà sójú ẹni tó ń yan gààrí. Ẹ fi ọ̀pá irin díẹ̀ sábẹ́ igi kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ní ẹ̀bá ọ̀sà, ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí igi gbẹ bọ̀rọ̀. Ẹ là á wẹ́wẹ́, kí ẹ sì tò ó sábẹ́ òrùlé kí òjò oṣù Kẹfà tó dé, nítorí igi tútù yóò kọ́kọ́ gbẹ omi ara rẹ̀ kó tó kan gààrí. Karawun àgbọn ń jó dáadáa. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ tó bá tutù, èéfín lásán ni.

Ẹ̀yin tó ń ṣe òróró àgbọn lè lo ọgbọ́n omi yìí kan náà. Bí ẹ bá ti rin àgbọn tí ẹ sì ti fún wàrà rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá yóò léfòó, omi yóò sì wà nísàlẹ̀; ọ̀rá nìkan ni kí ẹ kó sórí iná.

Jẹnẹrétọ̀ àti ọ́fíìsì

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ kì í tún ṣe ohun tí a ń tàn nítorí gílóòbù kan àti fáànù kan. Ẹ kó iṣẹ́ jọ: kí ẹ fa omi, kí ẹ lọ aṣọ, kí ẹ sì mú fírísà dì ní wákàtí kan náà, kí ẹ sì pa á. Ìta gbangba ni kí ó wà, kó jìnnà sí fèrèsé, nítorí afẹ́fẹ́ olóró rẹ̀ kò ní òórùn tí a fi lè mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 2005, ìjọba Japan bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan tí wọ́n pè ní Cool Biz: kí ọ́fíìsì gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí ìwọ̀n 28 nígbà ooru, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì bọ́ táì àti kóòtù. A kò ní kí ẹ gbé tiyín dé ibẹ̀ dandan. Ìwọ̀n 25 tàbí 26 pẹ̀lú fáànù ti tó lọ́dọ̀ wa, tí ẹ bá ń fọ àsẹ́ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Gbígbé e sí 16 kì í mú un tètè tutù. Ó kàn ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ́ ni, títí ẹni tó wà nínú yàrá yóò fi wọ súwẹ́tà.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ ka mítà ní alẹ́ ọjọ́ Sunday, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tún kà á ní Sunday tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà, kí ẹ sì wo ìyàtọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Onígààrí lè ka iye ìdì igi tó lò fún àpò gààrí kan kó tó mọ ààrò tuntun àti lẹ́yìn tó mọ ọ́n tán, kó sì mú àkọsílẹ̀ náà wá sí ìpàdé ẹgbẹ́.