Tí omi ìlú bá bàjẹ́: bí ẹ ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba tó ni ín

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú, mo sì ti rí ibi tí omi ti bàjẹ́ tí àwọn tó fẹ́ tún un ṣe wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ju omi lọ. Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé.

Ẹ ti ẹ̀rọ omi náà pa. Ṣéènì àti àgádágodo ti tó. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó kọ ìkéde, ohun kan náà ni ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, akéde àti WhatsApp gbọ́dọ̀ máa sọ. Nílé, kí wọ́n se omi kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, ó parí. Ẹni tí gáàsì ẹ̀ ti tán lè lo bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn, èyí tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì fún kẹ́ẹ̀gì lítà 20, kó wá dúró fún ìṣẹ́jú 30. Tí omi bá dọ̀tí, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ.

Kẹ́ ẹ tó da kẹ́míkà kankan sínú kànga tàbí táǹkì, ẹ bu omi ìdánwò ná. Àwọn kan á da kílórínì sí i láàárọ̀, wọ́n á bu omi lọ́sàn-án, láàbù á ní omi ò ní kòkòrò, ìjọba á wá ní ṣebí ẹ ti gbọ́. Ìgò tí láàbù bá fún yín ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ìgò mínírà, kẹ́ ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín, kó dé láàbù láàárín wákàtí 6. Ìlànà omi mímu ní Nàìjíríà ò gba E. coli, kòkòrò tó ń wá láti inú ìgbẹ́, kankan láyè nínú mílílítà 100.

Ó wá ku ibi tí gbogbo èèyàn ti ń kọsẹ̀: ta ló ni omi yìí gan-an? Lọ́dọ̀ tiwa níbí ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kabba dé Mopa dé Ìsánlú, ìlú kan ṣoṣo lè ní omi páìpù tó jẹ́ ti wọ́tà bọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀, kó ní pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tí RUWASSA, àjọ omi ìgbèríko ti ìpínlẹ̀, gbẹ́, kó tún ní bọhóòlù sólà tí aṣòfin fi owó àpapọ̀ ṣe, tó lè jẹ́ pé Lower Niger River Basin, àjọ omi ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ilọrin, ló bójú tó iṣẹ́ ẹ̀, ká má tíì sọ èyí tí ọmọ ìlú kan gbẹ́ ní ìrántí ìyá ẹ̀. Táǹkì lórí irin ni púpọ̀ nínú wọn, ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo mọ ìlú kan tí àwọn ọ̀dọ́ háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Lokoja lórí omi tó ń rùn, wọ́n pariwo títí, àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ, pé àwọn kọ́ ló gbẹ́ ẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló lọ síbẹ̀. Pátákó iṣẹ́ ọ̀hún ti ṣubú sínú koríko lẹ́yìn táǹkì látọjọ́ yìí, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Nítorí náà ẹ wá pátákó náà kẹ́ ẹ yà á ní fọ́tò, tí kò bá sí, ẹ bi ẹni tó jẹ́ akọ̀wé ìlú nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ olówó ẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà: ti ìjọba ìbílẹ̀, ti ìpínlẹ̀, ti ẹni tó ni ín. Ẹ má kọ ẹyọ kan kẹ́ ẹ wá pín ẹ̀dà ẹ̀ káàkiri, kálukú á máa wojú ẹnì kejì. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni yẹn: káńsù, ẹ fi táńkà gbé omi wá, ìpínlẹ̀, ẹ rán onímọ̀ omi wá, olówó ẹ̀, ẹ wá tún un ṣe. Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ gba sítáǹbù sórí ẹ̀dà tiyín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, èyí tí ò bá ní sítáǹbù, ẹ ò kọ ọ́ rárá lójú tèmi. Ẹ má sì fún olóṣèlú ní lẹ́tà kan ṣoṣo pé kó bá yín gbé e lọ Abuja. Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ.

Ọ̀nà ti àìsàn yàtọ̀. Tí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de lẹ́tà tàbí láàbù, sẹ́ńtà ìlera ni kẹ́ ẹ sáré lọ. Sẹ́ńtà ìlera á sọ fún DSNO, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀, òun á sọ fún ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ á fi tó NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, létí l'Abuja. Tí ẹnikẹ́ni bá ń fi falẹ̀, ẹ pe 6232, nọ́ńbà NCDC, ọ̀fẹ́ ni.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ po kílórínì lẹ́búlẹ́bú 70% sínú báákẹ́ẹ̀tì omi níta gbangba, bíi gíráàmù 70 fún lítà 1,000 tó wà nínú kànga, ẹ má tẹ ojú lé e o. Ẹ wá dà á sínú kànga, kó sun ibẹ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ fa omi náà dànù títí òórùn á fi lọ, kẹ́ ẹ tún bu omi lọ sí láàbù. Títì ni ẹ̀rọ yẹn máa wà títí èsì á fi dé. Ọwọ́ ìyálọ́jà ni mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sí, torí tó bá wà lọ́wọ́ mi, wọn ò ní jẹ́ n sùn.