Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣọ́ dìgbòlugi lára àdán
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣọ́ àdán inú ọgbà OAU n'Ífẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án o. Láti 1956 ni wọ́n ti rí Lagos bat virus, mọ̀lẹ́bí dìgbòlugi, lára àdán l'Ékòó, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ò sì fi bẹ́ẹ̀ ká a, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ ṣáà gba abẹ́rẹ́ yẹn ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá fàwọ̀n mú wọn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ tó nípọn, ẹ gbẹ̀jẹ̀ díẹ̀, òun ló máa sọ bóyá àrùn ti kàn wọ́n rí. Èyí tó kú fúnra ẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, ọpọlọ ẹ̀ ni láàbù máa yẹ̀ wò, ẹ fi yìnyín gbé e lọ kíákíá. Tí àdán bá gé yín jẹ, ẹ fọ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sáré lọ ọsibítù.