Bí a ṣe ń fi fóònù àti eré kọ́ ọmọ ní àmì ohùn

Ẹ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sójú pátákó, ọ̀pọ̀ ọmọ á gbójú sóde. Ẹ gbé e wọ inú Kahoot, eré ìbéèrè tó jáde láti ilẹ̀ Norway lọ́dún 2013, wọ́n á máa jìjàdù láti dáhùn.

Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni kò fàyè gba fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní kahoot.com, kí ẹ kọ ìbéèrè tí kò ju mẹ́wàá lọ.

Ibi ìbéèrè yìí niṣẹ́ wà. Mo ti kọ "Bàbá gbé ___ lọ sóko" rí, ọkọ́ ni mo fẹ́ kí wọ́n mú. Ọmọ kan mú ọkọ̀, ó ní bàbá òun máa ń gbé mọ́tò lọ sóko. Òótọ́ ló sọ, mo sì fún un ní máàkì. Mo wá yí i sí "Bàbá fi ___ kọ ebè". Ẹ yẹ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wò dáadáa, kí ìdáhùn méjì má baà tọ̀nà.

Ìṣẹ́jú àáyá 20 ni eré náà sábà máa ń fúnni. Ẹ sọ ọ́ di 60, torí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹnu pe ọ̀rọ̀ náà.

Tí fóònù kò bá kárí, ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè pín ọ̀kan lò. Èmi tilẹ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa pè é síra wọn létí. Wọ́n á ṣí kahoot.it, wọ́n á tẹ nọ́ńbà tó hàn lójú ẹ̀rọ yín, wọ́n á sì mú orúkọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo oríkì: Àjọkẹ́, Àkànní, Àṣàkẹ́. Tí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ẹ tò ó kí ìbéèrè máa hàn lórí fóònù wọn.

Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí iye àwọn tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tíì tẹ̀ síwájú o! Tí àwọn kan bá mú ọkọ́, tí àwọn kan mú ọkọ̀, ẹ ní kí ọmọ kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan dìde, kó pe tirẹ̀ sókè: re mí, re dò. Ẹ̀kọ́ gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú kìkì èyí tí wọ́n ṣì, kí wọ́n fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé. Fóònù á jẹ́ kí wọ́n dá àmì mọ̀ tí wọ́n bá rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ló gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í sórí ọ̀rọ̀.